Abógunrìn àti Lámilámi Adágún Etídò

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju oko lọ, tí ará ìlú kan lè dàgbà kí ó sì darúgbó láìmọ orúkọ ìlú kẹta sí tirẹ̀, ìlú kan wà tí à ń pè ní Etídò. Etídò kò ní odi, kò ní yàrà, kò sì ní òkè tí ènìyàn lè sá gùn. Adágún kan ṣoṣo ni ó ní, ṣùgbọ́n adágún náà kì í gbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le títí tí ilẹ̀ fi ń la ẹnu, omi Etídò a ṣì wà níbẹ̀, ojúoró àti òṣíbàtà a tẹ́ lójú rẹ̀, koríko odò tí ó ga ju ènìyàn lọ a sì yí i ká. Àwọn àgbà ní omi kì í ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni omi a máa ní ọ̀tá, ẹ̀jẹ̀ ni Etídò sì fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀tá wọn ni Òkè-Ìyàngbẹ, ìlú orí àpáta tí ó jìnnà sí wọn ní ìrìn ọjọ́ kan. Kànga ibẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ, ojú àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í kúrò lára adágún Etídò. Kúmápàyí ni olórí ogun wọn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ nípọn bí ìdí ọ̀pẹ. Kì í mú ọkùnrin lẹ́rú, nítorí ó ní ẹrú ọkùnrin ń mu omi jù. Gbogbo ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀, pípa ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá sápamọ́ sínú koríko odò Etídò, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ti bá a níbẹ̀ kí ó tó dìde, tí wọ́n lé e bí ẹni lé ewúrẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́.

Ohun tí ń tú u fó ni lámilámi. Ẹ má fi lámilámi kékeré inú àgbàlá yín wé ti Etídò o. Ti Etídò tóbi, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà ọkùnrin. Ara rẹ̀ pọ́n bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, àmì aró àti àmì dúdú tẹ̀lé ara wọn dé ìdí ìrù rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń dán nínú oòrùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn akọ rẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ létí omi, bí baba ti ń ní oko. Bí òmíràn bá ré ààlà kọjá, ìjà dé nìyẹn: wọn a fi orí gbá ara wọn lójú ọ̀run, wọn a fa ìyẹ́ ara wọn ya, títí ọ̀kan yóò fi já lulẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí à ń pè ní Ẹ̀ṣọ́ Omi a máa jókòó sábẹ́ igi àràbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lámilámi ni wọ́n sì ń wò. Bí lámilámi bá bà sórí koríko, kò sí ènìyàn nínú koríko náà. Bí wọ́n bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ń yí po tí wọn kò bà mọ́, ènìyàn wà lábẹ́ wọn, kí oníkálùkù gbé ọ̀kọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà ni Etídò ṣe fẹ́ràn lámilámi. Bí wọ́n sì ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kórìíra kòkòrò kan tí ń gbé inú ẹrẹ̀ adágún, èyí tí wọ́n ń pè ní ìkookò-omi. Kòkòrò burúkú gbáà ni. Ó dúdú rẹ́súrẹ́sú, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, kò ní ìyẹ́. A lúgọ sínú ẹrẹ̀ láìmira, bí ọmọ ẹja bá ń kọjá lọ, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ a yọ síta lójijì bí apá ènìyàn, a gbá ẹja náà mú, a sì jẹ ẹ́ láàyè. A máa bu ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé jẹ pẹ̀lú. Lọ́dọọdún ni àwọn ìyàwó ilé ń fi agbọ̀n kó o jáde, tí wọ́n sì ń là á mọ́ àpáta. Lówùúrọ̀ kan sí èkejì, wọn a rí awọ òfìfo ìkookò-omi lórí koríko, ẹ̀yìn rẹ̀ ti là, lámilámi kan a sì rọ̀ mọ́ ọn lórí. Wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a ní, “Lámilámi, a-pa-ìkookò-dá-awọ-sí! Ó tún ti ṣẹ́gun!” Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jí ní kùtùkùtù lọ wo ìjà náà. Bí ènìyàn ti ń ṣe nìyẹn: ohun tí a bá ti mọ̀ kí a tó wò ó, a kì í wò ó mọ́.

Ẹni tí ó wò ó ni Abógunrìn, ọmọ Ọdẹ́ṣínà, olórí Ẹ̀ṣọ́ Omi, ọkùnrin tí ọfà mẹ́ta bá lára tí kò jókòó, a-bá-ogun-rìn-má-bá-ogun-sùn, ẹni tí ó bá ọ̀tá lójúde tí kò wọ ilé lọ mú aṣọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo omi, ó rí ìkookò-omi kan tí ó ń pọ́n koríko bọ̀ láti inú omi. Ó mú kùmọ̀ rẹ̀ kí ó lè fọ́ ọ. Kí ó tó gbé e sókè, kòkòrò náà dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ sán, orí pupa kan sì yọ láti inú rẹ̀. Abógunrìn rọra gbé kùmọ̀ kalẹ̀. Ó wò ó títí nǹkan náà fi fa ara rẹ̀ jáde tán, ìyẹ́ rẹ̀ wé jọ bí aṣọ tí a fún, ó sì ń tẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oòrùn yọ, lámilámi ńlá aláwọ̀ osùn fò lọ lójú rẹ̀, awọ ìkookò-omi nìkan ni ó kù lórí koríko.

Ó sáré lọ sílé tòun tẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń gbá ilẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, “Olówó orí mi, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fọ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé.”

Ní ọdún náà gan-an, ẹja dínkù. Baálẹ̀ Ọdẹ́rìndé, ẹ̀gbọ́n Abógunrìn ọmọ ìyá kan náà, pe gbogbo ìlú jọ, ó sì kéde pé agbọ̀n àwọn obìnrin kò tó mọ́. Wọn yóò gún èèpo igi tí àwọn apẹja fi ń pa ẹja, wọn yóò dà á sínú adágún, kí ìkookò-omi lè run pátápátá, kó má ku ẹyọ kan. Ọdẹ́rìndé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ jẹ ẹja, kí wọ́n sì máa wọ omi láìsí ohun tí yóò bù wọ́n jẹ. Abógunrìn dìde láàárín àwọn àgbà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní:

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà yín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo fi ojú mi rí i, ẹnìkan kò sọ ọ́ fún mi: ìkookò-omi ni lámilámi kí ó tó di lámilámi. Awọ tí a ń rí lórí koríko kì í ṣe òkú ọ̀tá rẹ̀, aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ni. Bí a bá pa èyí, a pa ìyẹn. Bí a bá sì pa ìyẹn, ta ni yóò sọ fún wa lọ́jọ́ tí Kúmápàyí bá tún padà wá?”

 Àgbà kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu òun náà.

“Àbúrò mi,” ni ó wí, “a mọ̀ ọ́ ní akọni, a kò mọ̀ ọ́ ní alálàá. Ìkookò ha ń bí ẹyẹ bí? Àwọn baba wa jókòó létí omi yìí kí a tó bí ọ, wọ́n rí aṣẹ́gun lórí òkú, wọ́n sì sọ pé aṣẹ́gun ni. Ìwọ wá rí ọmọ lórí ìyá. Jẹ́ kí omi di mímọ́, ọmọ ìyá mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ wò ó lọ́la. Ìdájí kan péré ni mo tọrọ.”

“Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ti gbogbo ẹni tí ó jí ní ìdájí, kò ní sùn láéláé.” Àwọn àgbà tún rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Wọ́n da májèlé sínú adágún. Ìkookò-omi léfòó bí ìyàngbò, wọ́n ń fi agbọ̀n kó o, àwọn ọmọdé ń jó lórí rẹ̀. Nígbà tí Abógunrìn kò sì dẹ́kun àtakò, wọ́n gba ipò olórí Ẹ̀ṣọ́ Omi lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò rọ̀, ó fọ májèlé lọ, ẹja tuntun bá ìṣàn wọlé láti òkè odò. Baálẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn lámilámi tí ó ṣẹ́kù gbó, wọ́n sì kú, nítorí ẹ̀mí wọn kì í gùn. Lọ́dún kejì, kò sí èyí tí ó jáde. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Omi jókòó sábẹ́ àràbà wọn bí i ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n ń wo koríko tí ohunkóhun kò dìde lórí rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé àlàáfíà kò tíì pọ̀ tó báyìí rí. Oorun ń gbé àwọn mìíràn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, inú a máa bí mi bí mo bá dé ibí yìí. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ajá rẹ̀ lẹ́nu, tí ó wá ń yọ̀ pé olè kò wá mọ́!

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, ní ọjọ́ tí àwọn obìnrin ń fọ aṣọ. Abógunrìn ń gbẹ́ ẹ̀rú ọkọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí ó gbọ́ igbe kan, lẹ́yìn náà igbe púpọ̀. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín igbe obìnrin tí ó rí ejò àti igbe obìnrin tí ó rí ikú. Ó fa ọ̀kọ̀ rẹ̀ yọ láti inú òrùlé, ó sì sáré. Igba ọkùnrin ni ó ti dìde láti inú koríko odò, ẹrẹ̀ dé ọrùn wọn, àdá lọ́wọ́ wọn. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Omi ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ́, bí wọ́n ti jókòó sábẹ́ àràbà. Orí ọ̀kan ti yí dé etí omi, ẹnu rẹ̀ ṣì là bí ẹni tí ń yán. Wọ́n wọ àárín àwọn obìnrin. Wọ́n ń ṣá wọn bí ẹni ṣá igbó, aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí koríko di pupa, àwọn tí wọ́n sá wọ inú omi ni ọfà ń bá níbẹ̀.

Abógunrìn gún ẹni àkọ́kọ́ láyà títí irin fi yọ lẹ́yìn. Ó fi ìdí ọ̀kọ̀ fọ́ ẹni kejì lẹ́nu, ó gba àdá rẹ̀, ó sì fi ṣá ẹni kẹta láti èjìká dé ọmú. Kì í ṣe ogun ni ó ń jà, ènìyàn kan ni ó ń wá. Ó rí i níkẹyìn lẹ́bàá àpáta ìfọṣọ. Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ lórí ọmọ aládùúgbò kan tí ó fi ara rẹ̀ bò, àdá ti la ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ́rẹyẹ̀rẹ. Ọmọ náà yè. Abógunrìn pe orúkọ Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mọ̀ kí ó tó pè é pé kò ní dáhùn. Ó gbé òkú ìyàwó rẹ̀ lé èjìká kan, ó gbé ọmọ náà lé apá kejì, ó sì gba àárín àwọn ọ̀tá jáde. Àwọn tí ó rí ojú rẹ̀ yà fún un.

Òkè-Ìyàngbẹ kò lépa wọn wọ ìlú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìlú ṣe? Omi ni wọ́n wá gbà. Kúmápàyí fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe ọgbà yí etí adágún ká níhà ìlú, ó to àwọn tafàtafà sẹ́yìn rẹ̀, ó sì rán oníṣẹ́ sí Baálẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gùn. Ó ní kí gbogbo ọkùnrin Etídò jáde wá kí òun pa wọ́n, kí àwọn obìnrin wá máa pọn omi fún Òkè-Ìyàngbẹ, òun yóò sì dá àwọn ọmọ sí. Bí wọ́n bá kọ̀, òǹgbẹ yóò pa gbogbo wọn, àti ọmọ àti àgbà.

Ní ọjọ́ kejì, ọgọ́ta ọkùnrin Etídò kọ lu ọgbà ẹlẹ́gùn-ún náà. Abógunrìn wà níwájú wọn. Ọfà ń rọ̀ bí òjò; àwọn kan há sórí ẹ̀gún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gún wọn pa bí ẹran tí a gbé kọ́. Mẹ́tàlélógún ni ó padà. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹrin, ìlú ti mu omi ìkòkò wọn tán, wọ́n ń gún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fún un sí ẹnu àwọn ọmọ wọn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ ọwọ́ mẹ́rin kú. Abógunrìn gbọ́ bí ìyá kan ti ń sọkún láìsí omi lójú, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́ ju ti ọjọ́ tí ó sin Àwẹ̀ró lọ.

Baálẹ̀ Ọdẹ́rìndé pe àwọn tí ó ṣẹ́kù jọ. Ètè rẹ̀ ti sán. Ó ní, “Èmi yóò jáde tọ Kúmápàyí lọ. Bóyá bí ó bá rí orí mi, yóò fún àwọn ọmọ ní omi.”

Abógunrìn dìde. Kò dọ̀bálẹ̀ ní ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n mi, orí yín kò ní pa òǹgbẹ ẹnìkan. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ikú ilé ti pa wá ná, n kò wá sọ ti ìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí nígbà tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo jókòó ti ìkookò-omi fún oṣù kan kí ẹ tó da májèlé. Kì í lé ẹja. Ẹja yá ju ú lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A bo ara rẹ̀ ní ẹrẹ̀, a dúró, ẹja fúnra rẹ̀ ni yóò wá bá a. A ti sáré lọ bá Òkè-Ìyàngbẹ nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n sì pa wá. Ẹ jẹ́ kí a dúró dè wọ́n níbi tí wọn kò lè ṣàìwá. Ọ̀tá tí ó gba omi wa, dandan ni kí ó mu ún. Ẹ fún mi ní ọkùnrin méje tí wọ́n lè dákẹ́. Kí ẹ̀yin àti àwọn yòókù lúgọ lẹ́yìn àràbà. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo Kúmápàyí, kì í ṣe ariwo tèmi o, tirẹ̀, kí ẹ dìde.”

Baálẹ̀ bi àbúrò rẹ̀ léèrè. “Ìwọ ńkọ́? Ọ̀nà wo ni ìwọ yóò gbà jáde?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé ná.”

Ní kùtùkùtù, nígbà tí kùrukùru ṣì bo omi, àwọn mẹ́jọ náà gba ojú ìṣàn tí ó wọ adágún láti òkè odò, níbi tí ọgbà kò dé. Wọ́n ti fi ẹrẹ̀ ra ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀bẹ wà ní ìbàdí oníkálùkù, ọ̀pá koríko tí inú rẹ̀ ṣófo sì wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó lè máa fi í mí lábẹ́ omi. Wọ́n rọra wọ́ títí dé ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń pọn omi, wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lábẹ́ ojúoró, wọn kò sì mira. Eṣúṣú rọ̀ mọ́ wọn, wọn kò mira. Ẹja ń ta wọ́n lójú, wọn kò mira. Abógunrìn ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, ó ń ka àwọn ẹsẹ̀ tí ó ń rìn bọ̀ létí omi.

Nígbà tí oòrùn gbóná, ọkùnrin kan wọ omi dé orúnkún pẹ̀lú akèrègbè. Ọwọ́ kan jáde láti inú ẹrẹ̀, ó di kókósẹ̀ rẹ̀ mú, òmíràn gún un ní ìkùn, ó sì wọlẹ̀ láìké. Akèrègbè rẹ̀ léfòó. Ẹni kejì wá wo ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ lọ, wọ́n fà á lọ pẹ̀lú. Ẹni kẹta àti ẹ̀kẹrin jọ wá, wọ́n ń bá ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀bẹ gé ohùn ẹ̀fẹ̀ náà mọ́ wọn lọ́fun. Mọ́kànlá ni wọ́n pa báyìí kí omi tó pọ́n tí ojúoró kò lè bò ó mọ́.

Kúmápàyí fúnra rẹ̀ ni ó rí i. Ó rí akèrègbè mọ́kànlá lójú omi, ó rí omi pupa, ó sì bú ramúramù. Kò sá, nítorí kò mọ sísá. Ó wọ inú omi pẹ̀lú ọ̀kọ̀ rẹ̀ tí ó nípọn, ó ń gún ẹrẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, ó ń ké pé, “Ẹ jáde, ẹ̀yin ọmọ ọ̀pọ̀lọ́! Ẹ jáde kí n rí yín!” Ó gún ọ̀kan nínú àwọn méje náà lẹ́yìn, ó gún òmíràn lọ́rùn. Nígbà kẹta ó gún Abógunrìn lábẹ́ ìhà, irin náà sì wọlé dé ẹrẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ lé.

Abógunrìn kò ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi ọ̀kọ̀ náà mú, ó fi fa ara rẹ̀ sókè, ó ń ti ara rẹ̀ gba ara irin náà lọ, títí ojú rẹ̀ fi yọ lábẹ́ ojú Kúmápàyí. Kúmápàyí fẹ́ fa ọ̀kọ̀ yọ, kò yọ. Abógunrìn ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó tì í títí èkù rẹ̀ fi kan egungun, ó sì yí i. Igbe tí Kúmápàyí bẹ̀rẹ̀ di ẹ̀jẹ̀ ní ẹnu rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì dìde.

Lẹ́yìn àràbà, wọ́n ti gbọ́ ariwo náà. Etídò dìde, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tí kò ní ọ̀kọ̀ mú odó, ẹni tí kò ní odó mú òkúta. Wọ́n ya ọgbà ẹlẹ́gùn-ún pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Àwọn ará Òkè-Ìyàngbẹ wo ẹ̀yìn wọn, wọ́n rí olórí ogun wọn tí ó ń léfòó, wọ́n rí àwọn ènìyàn ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n ń dìde láti inú omi, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Àwọn ará Etídò pa wọ́n létí omi, wọ́n pa wọ́n nínú koríko, wọ́n lépa wọn dé orí ọ̀nà. Ìyá tí ó sọkún láìsí omi lójú fi ọmọ odó fọ́ agbárí ẹni méjì. Àwọn tí ó délé lára igba náà kò tó ogún.

Abógunrìn dúró nínú omi dé ìbàdí, ọ̀kọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ó ń tàn sínú adágún. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí ó kù dì í mú, ó ní kí ó fara tì òun, kí ó má mira. Ó mi orí. “Kò gbọdọ̀ jẹ́ inú omi ni n ó kú sí,” ni ó wí. “Àwọn ọmọ máa mu ún.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, ó fi orúnkún rìn, nígbà tí orúnkún kọ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́. Ó jáde kúrò nínú omi, kò dúró. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni ó wọ́ sórí ilẹ̀ kí ó tó gbé orí rẹ̀ lé ọwọ́.

Ọdẹ́rìndé bá a níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

“Àbúrò mi, èmi ni mo pa ọ́. Èmi ni mo pa Àwẹ̀ró. Ìdájí kan ṣoṣo ni o tọrọ lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún. Ẹ kò rí omi mu yó fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ má fi èyí tí ó kù ṣòfò.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dùn ún. “Odò kékeré kan wà lẹ́yìn igbó ọdán, ìrìn ọjọ́ méjì ni. Ìkookò-omi wà níbẹ̀, irú tiwa. Ẹ lọ gbé wọn wá.”

“Èmi fúnra mi ni yóò gbé wọn.”

“Wọn yóò bù yín jẹ o.”

“Kí wọ́n bù mí jẹ.” Abógunrìn kò dáhùn mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Etídò fi kó òkú kúrò nínú adágún, wọ́n sì gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀ iyanrìn kí wọ́n tó rí omi tí ó ṣeé mu. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin, Baálẹ̀ Ọdẹ́rìndé gbé koto, igbá ńlá tí inú rẹ̀ jìn, lé orí ara rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà igbó ọdán lọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun rù ú. Ó padà pẹ̀lú ọwọ́ tí ó wú. Ó da àwọn ìkookò-omi náà sínú omi níbi tí àbúrò rẹ̀ ti jáde, láti ọjọ́ náà sì ni ó ti ń jí ní ìdájí. Ní gbogbo òwúrọ̀ fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ó ń lọ jókòó síbẹ̀ nínú ìrì, àgbà tí eegun ń dùn. Ní òwúrọ̀ kan, ó rí ìkookò-omi kan tí ó pọ́n koríko jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ sán, orí pupa yọ. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó títí nǹkan náà fi gbẹ, tí ó fò. Lẹ́yìn náà ó kígbe, gbogbo ìlú sì rò pé ogun ti dé. Nígbà tí wọ́n sáré débẹ̀, wọ́n bá Baálẹ̀ wọn tí ó ń sunkún bí ọmọdé, awọ òfìfo kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń sọ fún ilẹ̀ pé, “Mo ti rí i, ọmọ ìyá mi. Mo ti rí i.”

Wọ́n kó òkúta jọ sí òpin ìṣísẹ̀ mọ́kànlá náà, Òkìtì Abógunrìn ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé sì fi òfin kan lélẹ̀ kí ó tó kú. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ fi jẹ Baálẹ̀ Etídò, ẹ̀bá òkìtì náà ni wọn yóò mú un lọ ní ìdájí. Wọn yóò gbé igbá omi kan síwájú rẹ̀, ìkookò-omi mẹ́ta nínú rẹ̀, yóò sì ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́ nígbà tí àwọn àgbà bá ń pe orúkọ gbogbo àwọn tí ó kú létí adágún ní ọdún ogun náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Bí ó bá yọ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pè wọ́n tán, wọn a dá a padà sílé, wọn a sì wá ẹlòmíràn. Orúkọ náà pọ̀. Àwẹ̀ró ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, Abógunrìn ni wọ́n fi ń parí.